Olaudah Equiano: ẹrú tí ó fi gègé jà

Ní Pobè àti ní Sakété, ẹni tí ó bá ń se ọbẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Kò sí ẹni tí yóò bá a wí. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà àtijọ́, a rí ẹni tí ń se oúnjẹ tí a sì fi irin dí i lẹ́nu tí kò fi lè jẹ nínú rẹ̀. Ọmọ Áfíríkà kan rí i, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Orúkọ rẹ̀ ni Olaudah Equiano.

Gẹ́gẹ́ bí ìwé rẹ̀ ti sọ, ilẹ̀ Ìgbò, ní Nàìjíríà òde òní, ni a ti bí i, ní nǹkan bí ọdún 1745. Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀wà àti àgbàdo ni wọ́n ń jẹ ní ilé wọn. Wọn a fọ ọwọ́ kí wọ́n tó jẹun. Wọn a sì fi díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ará ilé tí ó ti kú.

Nígbà tí ó tó ọmọ ọdún 11, àwọn ajínigbé fo ògiri wọ ilé wọn. Àwọn àgbà ti lọ sí oko. Wọ́n gbé òun àti arábìnrin rẹ̀ lọ. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé etí òkun. Nínú ọkọ̀ ojú omi, ìbànújẹ́ kò jẹ́ kí ó lè jẹun. Àwọn òyìnbó dè é, wọ́n sì nà án nítorí pé ó kọ oúnjẹ.

Wọ́n gbé e dé erékùṣù Barbados, lẹ́yìn náà wọ́n gbé e lọ sí Virginia, ní Amẹ́ríkà. Ní ìgbà náà, abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni Virginia wà. Àwọn ẹrú ni ń ro oko tábà àti oko àgbàdo níbẹ̀. Àgbàdo ni a sábà máa ń wọ̀n fún wọn láti jẹ. Bí wọ́n bá ti oko dé ní alẹ́, wọ́n ṣì ní láti gún un tàbí kí wọ́n lọ̀ ọ́. Oúnjẹ dídára wà lórí tábìlì àwọn olówó wọn, ṣùgbọ́n àwọn ẹrú ni ó sè é.

Ní ọjọ́ kan, ara olówó Equiano kò yá. A ní kí ọmọ náà wá máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i. Bí ó ti wọ ilé, ó rí obìnrin dúdú kan tí ń se oúnjẹ ọ̀sán. Oríṣiríṣi irin ni a fi dè é. Ọ̀kan wà ní orí rẹ̀, ó sì dí ẹnu rẹ̀ pinpin. Agbára káká ni obìnrin náà fi lè sọ̀rọ̀; kò lè jẹ, kò sì lè mu. Ẹ̀rù ba ọmọ náà gidigidi.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi kan, Michael Henry Pascal, rà á, ó sì sọ ọ́ ní Gustavus Vassa. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni Equiano ti kọ́ ìwé kíkà àti kíkọ. Ní ọdún 1763, ó di ẹrú oníṣòwò kan, Robert King, ní erékùṣù Montserrat. Ó bẹ̀rẹ̀ òwò tirẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsì 3 péré. Ó fi ra ife gíláàsì kan, ó sì tà á ní pẹ́ńsì 6. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń kó owó jọ. Ní oṣù keje ọdún 1766, ó san pọ́n-ùn 40, ó sì gba ìwé òmìnira rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kà á.

Ní ọdún 1786, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kó àwọn tálákà aláwọ̀ dúdú lọ sí Sierra Leone. Wọ́n fi Equiano ṣe alábòójútó oúnjẹ àti ẹrù wọn. Ó rí i pé oúnjẹ àti ẹrù tí ìjọba ti san owó rẹ̀ kò pé. Kò dákẹ́. Ó fi ẹjọ́ sun àwọn aláṣẹ, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ náà ní ọdún 1787.

Ní ọdún 1789, ó tẹ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jáde. Ó ń lọ láti ìlú dé ìlú láti tà á àti láti sọ ìwà ìkà òwò ẹrú. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni a tẹ ìwé náà kí ó tó kú. Ní ọdún 1792, ó fẹ́ Susannah Cullen, ó sì bí ọmọbìnrin méjì. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1797. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1807, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú.

Ìwé Equiano kò dárúkọ obìnrin tí a fi irin dí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọmọ tí ó rí i kọ́ ìwé, ọ̀rọ̀ tí obìnrin náà kò lè sọ ti dé etí ayé.