Ta Ni Màríà Magdalene? Obìnrin Tí Wọ́n Gbé Ẹ̀ṣẹ̀ Ẹlòmíràn Kọ́ Lọ́rùn

Àwọn àgbà wa gbà pé orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Kí ni ká wá ṣe fún ẹni tí wọ́n gba orúkọ rere lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti kú, tí kò sì sí níbẹ̀ láti ro ẹjọ́ tirẹ̀?

Ní ọdún Àjíǹde kan, díẹ̀ nínú wa lọ wo eré orí ìtàgé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe. Eré náà dùn, a kò purọ́. Nígbà tí ó kan Màríà Magdalene, sístà kan jáde pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì pénpé, ètè pupa fòò, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù pá-pá-pá. Gbogbo gbọ̀ngàn pariwo. Kò sí ẹni tí ó béèrè irú iṣẹ́ tí obìnrin náà ń ṣe. Nígbà tí a padà sí yàrá, ẹnìkan nínú wa ṣí Bíbélì láti fi ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé aṣẹ́wó ni Màríà Magdalene hàn wá. Ó wá a ní Mátíù, ó wá a ní Máàkù, ó wá a ní Lúùkù, ó wá a ní Jòhánù, títí iná fi lọ. Kò rí i. Kì í ṣe pé kò mọ ìwé yẹ̀ wò, kò sí níbẹ̀ ni.

Ohun tí ó mú wa kọ ìtàn yìí nìyẹn. Bí ẹ bá jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ má ṣí ojú ìwé yìí kọjá o. Ọ̀rọ̀ orúkọ ẹni ni, kì í ṣe ìwàásù.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi orúkọ náà. Màríà yìí ni Míríámù ti àwọn Júù, kò sì sí orúkọ obìnrin tí ó wọ́pọ̀ tó o ní ilẹ̀ wọn nígbà ayé Jésù. Nínú obìnrin Júù márùn-ún tí orúkọ wọn bá wà lákọsílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan yóò jẹ́ Màríà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń fi nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Wọ́n a fi ọmọ dá ọ̀kan mọ̀, bíi Màríà ìyá Jákọ́bù. Wọ́n a fi ọkọ dá òmíràn mọ̀, bíi Màríà aya Kílópà. Àwa náà mọ̀ ọ́n ṣe bẹ́ẹ̀: Ìyá Bọ́lá kì í ṣe Ìyá Ìbàdàn, bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́.

Ìlú ni wọ́n fi dá Màríà tiwa yìí mọ̀. Ará Mágídálà ni. Ọ̀rọ̀ tí orúkọ ìlú náà ti wá túmọ̀ sí ilé ìṣọ́. Etí adágún Gálílì ni ó wà, ní apá ìwọ̀-oòrùn, ní àríwá ìlú Tìbéríà. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé òun náà ni ìlú tí àwọn Gíríìkì ń pè ní Taricheae, orúkọ tí ó jẹ mọ́ ẹja tí a fi iyọ̀ sí kí ó má baà bàjẹ́. Ìlú ẹja ni, ìlú òwò ni. Ní ọdún 2009, àwọn awalẹ̀pìtàn hú sínágọ́gù kan jáde níbẹ̀ tí ó ti wà láti ọ̀rúndún kìíní. Wọ́n bá òkúta kan nínú rẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ àwòrán ọ̀pá fìtílà ẹlẹ́ka méje sí lára. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé Màríà jókòó níbẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ìlú rẹ̀ kì í ṣe àlá.

Nígbà tí ó jẹ́ pé ìlú ni wọ́n fi ń pè é, tí kì í ṣe ọkọ tàbí ọmọ, ó jọ pé obìnrin tí ó dá dúró ni nígbà tí ó ń tẹ̀lé Jésù. Lúùkù orí 8 sọ fún wa pé ẹ̀mí èṣù méje jáde kúrò lára rẹ̀, àti pé òun pẹ̀lú Jòánà aya Kúsà, ìríjú Hẹ́rọ́dù, àti Sùsánà, àti ọ̀pọ̀ obìnrin mìíràn, ń fi ohun ìní wọn ṣe ìtọ́jú Jésù àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Àwọn tí wọ́n fi iṣẹ́ ẹja pípa sílẹ̀ láti máa rìn káàkiri, owó obìnrin wà lára ohun tí ó ń bọ́ wọn.

Ní ti ẹ̀mí èṣù, aláìsàn ni àwọn ìwé Ìhìnrere ka ẹni tí ó bá ní in sí. Ọkùnrin tí ń gbé láàárín ibojì ní in. Ọmọdékùnrin tí gìrì ń gbé ṣubú sínú iná ní in. Kò sí ẹni tí ó pe ọmọ yẹn ní alágbèrè rí.

Nígbà tí wọ́n kan Jésù mọ́ àgbélébùú, tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkùnrin ti sá, Màríà Magdalene wà níbẹ̀. Mátíù, Máàkù àti Jòhánù dárúkọ rẹ̀. Ó wo ibi tí wọ́n tẹ́ òkú sí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní ọ̀sẹ̀, òun ni ó tún lọ sí ibojì. Gẹ́gẹ́ bí Jòhánù ṣe ròyìn rẹ̀, ó dúró níta, ó ń sunkún, ó rí ọkùnrin kan, ó rò pé olùṣọ́gbà ni, àfi ìgbà tí ọkùnrin náà pe orúkọ rẹ̀. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ rán láti lọ sọ fún àwọn yòókù. Lúùkù ní tirẹ̀ sọ pé nígbà tí àwọn obìnrin náà jíṣẹ́, ọ̀rọ̀ wọn dàbí ìsọkúsọ létí àwọn àpọ́sítélì. Ní ayé ìgbà náà, ẹ̀rí obìnrin kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀wọ̀n nílé ẹjọ́. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló ń sọ pé ẹni tí ó bá fẹ́ hùmọ̀ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò ní fi obìnrin ṣe ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. Síbẹ̀, nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń ka àwọn tí wọ́n rí Jésù lẹ́yìn àjíǹde nínú ìwé rẹ̀ kìíní sí àwọn ará Kọ́ríńtì, Pétérù ni ó fi ṣáájú. Kò dárúkọ obìnrin kankan.

Níbo wá ni aṣẹ́wó ti wọlé? Obìnrin kan wà ní Lúùkù orí 7, ní ilé Símónì Farisí, tí ó fi omijé wẹ ẹsẹ̀ Jésù, tí ó fi irun nù ún, tí ó sì fi òróró kùn ún. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni Lúùkù pè é. Kò dárúkọ rẹ̀, kò sì sọ irú ẹ̀ṣẹ̀ tí ó dá. Ẹsẹ Bíbélì méjì péré lẹ́yìn ìtàn náà ni Lúùkù ṣẹ̀ṣẹ̀ mú Màríà Magdalene wọlé bí ẹni tí a kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Ìbá jẹ́ pé obìnrin kan náà ni, kí ni ì bá dí i lọ́wọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀? Obìnrin kejì ni Màríà ti Bẹ́tánì, arábìnrin Màtá àti Lásárù. Ní Jòhánù orí 12, òun náà fi òróró náádì olówó ńlá kun ẹsẹ̀ Jésù, ó sì fi irun nù ún. Owó òróró yẹn tó 300 dínárì, owó iṣẹ́ alágbàṣe fún nǹkan bí ọdún kan. Ẹ̀bá Jerúsálẹ́mù ni Bẹ́tánì wà, ibi tí ó jìnnà sí Mágídálà ju 100 kìlómítà lọ. Máàkù àti Mátíù tún sọ ti obìnrin kan tí wọn kò dárúkọ rẹ̀, tí ó da òróró sí Jésù lórí ní Bẹ́tánì yìí kan náà, ní ilé Símónì adẹ́tẹ̀. Símónì níhìn-ín, Símónì lọ́hùn-ún; òróró níhìn-ín, òróró lọ́hùn-ún; Màríà rẹpẹtẹ. Ẹni tí ó bá ń kàwé ní ìkánjú, ó dájú pé yóò pò wọ́n mọ́ra.

Ẹni tí ó pò wọ́n mọ́ra tí ọ̀rọ̀ náà fi di òfin kì í ṣe ẹni kékeré. Póòpù Gregory Kìíní ni, ní ọdún 591, nínú ìwàásù kan ní Róòmù. Ó ní ẹlẹ́ṣẹ̀ inú Lúùkù, Màríà ti Bẹ́tánì àti Màríà tí ẹ̀mí èṣù méje jáde lára rẹ̀, obìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n. Ó ní ẹ̀mí èṣù méje yẹn dúró fún gbogbo ìwà ìbàjẹ́. Ó tún fi kún un pé òróró yẹn ni obìnrin náà ti fi ń kun ara tẹ́lẹ̀ fún iṣẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. A kò fẹ́ ṣe àbòsí sí Gregory. Àjàkálẹ̀ àrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ pa Póòpù tí ó wà ṣáájú rẹ̀ ni, àwọn ọmọ ogun Lombard sì ń halẹ̀ mọ́ Róòmù. Ó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi tu àwọn ènìyàn nínú, kí ẹlẹ́ṣẹ̀ lè mọ̀ pé ìdáríjì wà. Ìwàásù dáadáa ni. Ẹni tí ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni kì í ṣe ẹni tí ó yẹ.

Àwọn ìjọ apá ìlà-oòrùn, ìyẹn àwọn Ọ́tódọ́ọ̀sì, kò bá a lọ. Ọjọ́ ìrántí obìnrin kọ̀ọ̀kan dá wà lọ́dọ̀ wọn títí di òní. Ṣùgbọ́n ní ìwọ̀-oòrùn, ọ̀rọ̀ Póòpù ti jáde. Wọ́n tún mú ìtàn Màríà ará Íjíbítì, aṣẹ́wó tí ó ronú pìwà dà tí ó sì lọ gbé inú aginjù, wọ́n pò ó mọ́ ọn. Àwọn ayàwòrán àti agbẹ́gilére gbà á bẹ́ẹ̀: Donatello gbẹ́ ère igi kan tí ó wà ní Florence, obìnrin gbígbẹ tí irun bo gbogbo ara rẹ̀. Nígbà tí ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan, Jacques Lefèvre d'Étaples, kọ ìwé ní 1517 pé obìnrin mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn Yunifásítì Paris dá a lẹ́bi ní 1521.

Ọ̀rọ̀ yìí ì bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwé lásán, tí àwọn tí ó kàwé lákàjù ń bá ara wọn jà sí, bí kì í bá ṣe ti ohun tí wọ́n fi orúkọ náà ṣe. Ní 1758 wọ́n dá ilé kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn obìnrin tí wọ́n kà sí ẹni tí ó ti ṣubú, wọ́n sì fi orúkọ Magdalene sọ ọ́. Ní 1767 irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Dublin, ní ilẹ̀ Ireland. Ní Ireland, àwọn ilé náà di ilé alágbàfọ̀. Ọmọbìnrin tí ó lóyún láìlọ́kọ, ọmọ òrukàn tí kò rí ẹni gbà á, ọmọ tí ìdílé rẹ̀ fẹ́ fi pamọ́ nítorí ìtìjú, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó wọn lọ. Wọ́n ń fọ aṣọ àwọn òtẹ́ẹ̀lì àti ilé ìwòsàn láti òwúrọ̀ di alẹ́, wọn kò gba owó oṣù. Àwọn mìíràn wọ ibẹ̀ lọ́dọ̀ọ́, wọ́n sì kú síbẹ̀ lárúgbó. Ní 1993, àwọn sístà tí ó ni ọ̀kan nínú àwọn ilé náà ní Drumcondra, ní Dublin, ta lára ilẹ̀ wọn, wọ́n sì ní láti hú àwọn òkú inú rẹ̀. Òkú 133 ni wọ́n gba àṣẹ fún. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, 155 ni wọ́n bá. Èyí tí ó kẹ́yìn nínú àwọn ilé alágbàfọ̀ náà tì ní 1996. Ìwádìí ìjọba tí ó jáde ní 2013 sọ pé nǹkan bí 10,000 obìnrin ni ó wọ ibẹ̀ láti 1922, olórí ìjọba ilẹ̀ náà, Enda Kenny, sì tọrọ àforíjì ní oṣù kejì ọdún náà.

Obìnrin tí ó fi owó ara rẹ̀ bọ́ Jésù, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ sí ẹnu ọ̀nà ilé tí wọ́n ti ń lo obìnrin láìsanwó.

Ìjọ Kátólíìkì fúnra rẹ̀ ti yí ọ̀rọ̀ padà. Ní 1969, nígbà tí Póòpù Paul Kẹfà tún kàlẹ́ńdà ìjọ ṣe, wọ́n là á yé pé ọjọ́ 22 oṣù keje jẹ́ ti obìnrin tí Jésù fara hàn, kì í ṣe ti ẹlẹ́ṣẹ̀ inú Lúùkù tàbí ti arábìnrin Màtá. Ní 2016, Póòpù Francis gbé ọjọ́ náà ga sí ipò kan náà pẹ̀lú ọjọ́ àwọn àpọ́sítélì.

Àwọn kan wà tí wọ́n rò pé àwọn ń gbèjà rẹ̀, tí wọ́n wá sọ ọ́ di ìyàwó Jésù. Ìwé ìtàn àròsọ kan tí ó jáde ní 2003 ni ó gbé èyí dé etí gbogbo ayé. Àwọn ìwé àtijọ́ kan wà lóòótọ́ tí wọ́n fún un ní ipò ńlá. Ọ̀kan ni Ìhìnrere Màríà, tí wọ́n rà ní Káírò ní 1896, tí wọn kò sì tẹ̀ jáde títí di 1955. Pétérù bá a jiyàn nínú rẹ̀, Léfì sì gbè é. Òmíràn ni Ìhìnrere Fílípì, lára àwọn ìwé tí wọ́n rí ní Nag Hammadi ní Íjíbítì ní 1945, tí ó pè é ní alábàárìn Jésù. Kò sí èyí tí ó pè é ní ìyàwó tí wọ́n gbé níyàwó. Àjákù pápírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n gbé jáde ní 2012, tí ó mẹ́nu kan ìyàwó Jésù, ayédèrú ni ó já sí nígbà tí yóò fi di 2016. Lójú tiwa, àṣìṣe kan náà ni gbogbo rẹ̀. Bí kò bá jẹ́ aṣẹ́wó, a fi dandan kí ó jẹ́ ìyàwó ẹnìkan. Wọn kò lè fi í sílẹ̀ kí ó kàn jẹ́ ará Mágídálà.

Ní ti ikú rẹ̀, àwọn ará ìlà-oòrùn ní Éfésù ni ó kú sí. Àwọn ará Faransé ní ọ̀dọ̀ àwọn ni, ìlú méjì níbẹ̀, Vézelay àti Saint-Maximin, sì ń bá ara wọn du òkú rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún wọn.

A lọ bá bọ̀dá tí ó kọ eré Àjíǹde ọjọ́sí. Ó gbọ́ wa délẹ̀, ó gbà, ó sì ṣí Lúùkù fúnra rẹ̀. Ó wá bi wá pé ta ni yóò wá ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀ náà, nígbà tí eré kò lè lọ láìsí i. A ní kí sístà yẹn náà ṣe é bí ó bá wù ú, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fún un lórúkọ, nítorí Lúùkù kò fún un ní ọ̀kan. A sì bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n yọ ṣingọ́ọ̀mù náà kúrò.