Ìtàn Ìgbésí Ayé Flora Nwapa, Aṣáájú Obìnrin Òǹkọ̀wé

Nínú ìwé ìsìn ti ọ̀sẹ̀ yìí, a fẹ́ sọ ìtàn obìnrin kan tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n tí ó gbé láàárín àwọn ènìyàn wa gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń gbé láàárín àwọn ènìyàn tirẹ̀. Flora Nwapa ni orúkọ rẹ̀. Énúgù tí a wà yìí ni ó ti kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìwé, níbí ni ó ti ṣe kọmíṣánnà, níbí ni ó dá ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé rẹ̀ sílẹ̀ sí, níbí náà ni ó sì kú sí. Síbẹ̀ a ti ṣe àkíyèsí pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí a bí sí ìlú yìí kò mọ̀ ju orúkọ rẹ̀ lọ, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ gbọ́ ọ rí. Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ń jẹ iṣu ìlú kan, ó yẹ kí ó mọ àwọn tí wọ́n ti roko níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 13 oṣù January, ọdún 1931, ni a bí i ní Oguta, ìlú tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Imo lónìí, létí adágún omi ńlá kan. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́fà. Baba rẹ̀ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn òyìnbó oníṣòwò epo pupa, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ olùkọ́. Àwọn méjèèjì mọ ìwé, èyí tí kò wọ́pọ̀ nígbà náà. Ẹni tí ó bá mọ Oguta yóò mọ̀ pé ìlú oníṣòwò ni, àti pé àwọn obìnrin ni ọ̀gá nínú òwò náà. Wọn a máa wọ ọkọ̀ lójú omi láti ọjà dé ọjà, wọn a máa rà, wọn a máa tà, owó wọn a sì wà lọ́wọ́ ara wọn. Bí ẹ bá rò ó wò, kò jìnnà sí àwọn alájàpá tiwa ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Abẹ́òkúta. Láàárín irú àwọn obìnrin báyìí ni Flora dàgbà, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, ó ń gbọ́ ìtàn wọn. A óò rí i pé kò gbàgbé nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ó lọ sí ilé ìwé ní Oguta, ó lọ sí Elelenwo nítòsí Port Harcourt, lẹ́yìn náà ni ó wá sí Èkó, sí ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin ti C.M.S. Láti ibẹ̀ ó wọ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ìbàdàn, ó sì gba oyè B.A. ní ọdún 1957. Ó kọjá sí Edinburgh ní ilẹ̀ Skọ́tláńdì, ó gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ní ọdún 1958. Nígbà tí ó padà dé, ó kọ́kọ́ ṣe òṣìṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Calabar, lẹ́yìn náà ni ó wá sí Queen's School ní Énúgù yìí, ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní jọ́gíráfì àti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1962 ó tún padà sí Èkó, ó di olùrànlọ́wọ́ rẹ́jísítírà ní Yunifásítì Èkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún náà. Ẹ ò rí i pé ìgbà èwe rẹ̀ àti àwọn ọdún iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, ààrin àwa àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó pín wọn sí.

Ní báyìí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ní ọdún 1938 ni Fágúnwà ti tẹ ìwé rẹ̀ nípa ògbójú ọdẹ jáde. Tutuola tẹ̀lé e ní 1952, Ekwensi ní 1954, Chinua Achebe ní 1958. Ọkùnrin ni gbogbo wọn. Nínú ìwé àwọn ọkùnrin wọ̀nyí, obìnrin a máa gbé oúnjẹ wá, a máa sunkún, a máa jẹ́ ìyàwó tàbí olè-ọkọ, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí a tó gbọ́ ohun tí ó ń rò nínú ara rẹ̀. Kì í ṣe pé a ń bú àwọn bàbá wa. Ohun tí ojú ọkùnrin rí ni ọwọ́ ọkùnrin kọ. Ní ọdún 1962 yìí, Flora ti parí ìwé kan tí ó kọ láti inú ohun tí ojú obìnrin rí. Ó fi í ránṣẹ́ sí Achebe. Achebe kà á, ó dùn mọ́ ọn, ó sì dá èsì padà pẹ̀lú owó nínú ìwé, kí Flora fi san owó ìfìwéránṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn Heinemann ní Lọ́ńdọ̀nù. Nǹkan kékeré ni owó ìfìwéránṣẹ́, ṣùgbọ́n ó tẹ́ wa lọ́rùn láti rántí rẹ̀. Ẹni tí ó ti gun òkè kan kọ́ ni ó máa ń ju okùn sílẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn nígbà gbogbo.

Ìwé náà jáde ní ọdún 1966. Efuru ni orúkọ rẹ̀. Ó jẹ́ ìwé kẹrìndínlọ́gbọ̀n nínú ọ̀wọ́ àwọn ìwé Áfíríkà tí Heinemann ń tẹ̀, Flora sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó wọ inú ọ̀wọ́ náà. Òun náà ni a kà sí obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tí a tẹ ìwé ìtàn-àròsọ rẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kí a má ba à yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ní ọdún 1966 yẹn kan náà ni ìwé Grace Ogot, ọmọ ilẹ̀ Kẹ́ńyà, jáde ní Nairobi.

Ẹ jẹ́ kí a sọ díẹ̀ nípa ohun tí ó wà nínú Efuru, nítorí a rò pé àwọn ìyá inú ìjọ wa yóò mọ̀ ọ́n lára. Efuru jẹ́ ọmọ ẹni ńlá, ó lẹ́wà, ọwọ́ rẹ̀ sì ń mú owó wá nínú òwò. Ó fẹ́ ọkọ tí kò rí owó orí san, ọ̀rọ̀ náà sì di ìtìjú fún ìdílé rẹ̀. Òun àti ọkọ jọ ṣòwò títí wọ́n fi rí owó orí náà san. Ó bí ọmọbìnrin kan, ọmọ náà kú. Ọkọ bá obìnrin mìíràn lọ. Ó fẹ́ ọkọ kejì, kò rí ọmọ bí fún un, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì wá ìyàwó fún ọkọ. Nígbà tí àìsàn dá a gúnlẹ̀, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé àgbèrè ni ó ṣe, ọkọ náà sì gbà á gbọ́. Ó já sí irọ́. Efuru kó ẹrù rẹ̀, ó padà sí ilé baba rẹ̀.

Kò sí ilé Yorùbá kan tí irú ọ̀rọ̀ yìí kò tíì wọ̀ rí. A mọ ohun tí ojú obìnrin tí kò bímọ ń rí lọ́wọ́ ìyá ọkọ, lọ́wọ́ àwọn àna, àní nígbà mìíràn lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jọ ń wá sí ilé ìsìn kan náà. Ohun tí ó ya ni lẹ́nu nínú ìwé náà ni pé Efuru di olùfọkànsìn obìnrin inú adágún Oguta tí wọ́n ń pè ní Uhamiri. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí ń wá ọmọ ni ó ń lọ sí odò Ọ̀ṣun. Uhamiri kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé yìí, ọrọ̀ àti ẹwà ni ó ń fún àwọn obìnrin rẹ̀, kì í fún wọn ní ọmọ. Flora wá fi ìbéèrè parí ìwé rẹ̀, ó ń béèrè ìdí tí àwọn obìnrin fi ń sin ẹni tí kò lè fún wọn ní ọmọ. Kò dáhùn rẹ̀. Àwọn ọkùnrin kan tí wọ́n kọ̀wé nípa Efuru nígbà náà sọ pé ọ̀rọ̀ òfófó obìnrin ni ó kún inú rẹ̀. Àwa gbà pé ibẹ̀ gan-an ni agbára rẹ̀ wà. Ní ẹ̀bá kànga àti ní ọjà ni wọ́n ti ń dá obìnrin lẹ́jọ́, Flora sì jẹ́ kí a gbọ́ bí wọ́n ti ń dá a.

Ọdún tí ìwé náà jáde, gbogbo wa mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìjọba yí padà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn. Ní ọdún 1967 Flora fi iṣẹ́ rẹ̀ ní Èkó sílẹ̀, ó padà sí ìhà ìlà-oòrùn bí ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀, ọdún náà ni ó sì fẹ́ Gogo Nwakuche, oníṣòwò. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta á lọ́rẹ. Ogun bá a ní ilé. Ní oṣù September 1968 àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ wọ Oguta, àwọn ará ìlú sì sá lọ sínú igbó kí wọ́n tó lé wọn padà. Ó kọ ìtàn sísá náà sínú ìwé Never Again tí ó jáde ní 1975. Kò bo ẹnikẹ́ni láṣìírí nínú ìwé náà. Ó fi àwọn tí ń kéde pé ewu kò sí hàn, tí wọ́n sì ti ń di ẹrù tiwọn ní ìkọ̀kọ̀. Ó fi àwọn tí ń pe aládùúgbò wọn ní ọ̀dàlẹ̀ hàn pẹ̀lú. Ó gba ìgboyà láti kọ irú rẹ̀ nípa àwọn ènìyàn ara ẹni nígbà tí ọgbẹ́ kò tíì jinná.

Ogun parí ní oṣù January 1970. Ukpabi Asika ni alákòóso East Central State, Énúgù yìí sì ni olú ìlú rẹ̀. Ó mú Flora wọ inú ìgbìmọ̀ ìjọba rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kọmíṣánnà fún ìlera àti ìgbé ayé ará ìlú. Ó wà nínú àwọn obìnrin tí ó kọ́kọ́ dé irú ipò bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ fi ojú inú wo Énúgù ìgbà náà: ilé tí òrùlé ti ṣí, ilé ìwòsàn tí kò ní oògùn, àti ọmọ, ọmọ, ọmọ níbi gbogbo. Àwọn kan ebi ti sọ di egungun, àwọn kan kò mọ orúkọ baba wọn. Nígbà ogun ni wọ́n ti fi ọkọ̀ òfuurufú kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ lọ sí Gàbọ̀n àti Ivory Coast kí ebi má ba à pa wọ́n, a sì tún ní láti kó wọn wá sílé. Iṣẹ́ Flora ni láti wá ibùgbé fún ọmọ òrukàn bíi 2,000. A ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń yin ìwé rẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ní ti àwa, bí a bá ní kí a mú ohun kan nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ àwọn ọmọ yìí ni a óò mú. Obìnrin tí ó ti kọ̀wé nípa ẹni tí kò rọ́mọ bí ni ó wá di ẹni tí ń wá ilé fún ọmọ tí kò ní ìyá.

Láti ọdún 1971 títí di 1974 ó ṣe kọmíṣánnà fún ilẹ̀, ìwọ̀n ilẹ̀ àti ìdàgbàsókè ìlú. A kò ní í dúró pẹ́ lórí ìyẹn.

Nígbà tí ó kúrò ní ìjọba, ó ṣe ohun tí obìnrin kò tíì fi bẹ́ẹ̀ ṣe ní Áfíríkà. Ó dá ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé sílẹ̀ ní Énúgù, Tana Press ni orúkọ rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni ó tún dá Flora Nwapa Company sílẹ̀. Ó fẹ́ kí ìwé rẹ̀ jáde láti ilé, kí ó má ṣe jẹ́ pé Lọ́ńdọ̀nù ni yóò máa sọ èyí tí ó yẹ ní títẹ̀. Ó tẹ ìwé fún àwọn ọmọdé pẹ̀lú, bíi Mammywater ní 1979, kí ọmọ Nàìjíríà lè ka ìtàn omi tí òun náà mọ̀, dípò yìnyín tí kò rí rí. Ẹni tí ó bá ti ta ọjà rí yóò mọ̀ pé títẹ ìwé kò nira tó títà rẹ̀. Nígbà tí owó náírà wálẹ̀ ní ọdún 1986, bébà di ọ̀wọ́n fún gbogbo òǹtẹ̀wé Nàìjíríà. Síbẹ̀ ní ọdún náà ni ìwé Women Are Different jáde.

Nínú àwọn ìwé tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀, One is Enough ti ọdún 1981 ni ó fa àríyànjiyàn jù. Amaka fi ọkọ àti ìyá ọkọ tí ń gàn án sílẹ̀, ó lọ sí Èkó, ó di olówó, ó bí ìbejì fún àlùfáà kan, ó sì kọ̀ láti fẹ́ ẹ. A kò sọ pé kí àwọn ọmọbìnrin wa lọ fi Amaka ṣe àwòkọ́ṣe. Ṣùgbọ́n kí a tó bínú sí Amaka, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ka ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé náà, kí a rí ọ̀rọ̀ tí ìyá ọkọ rẹ̀ fi ń gún un lọ́kàn nínú ilé, kí a sì bi ara wa bóyá a kò tíì sọ irú rẹ̀ rí.

Ìjọba fi oyè O.O.N. dá a lọ́lá ní 1983, Yunifásítì Ifẹ̀ sì fún un ní ẹ̀bùn ní 1985. Ní 1992 ilé ìtẹ̀wé kan ní Amẹ́ríkà tún àwọn ìwé rẹ̀ tẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Ó ti ń múra láti lọ kọ́ni níbẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí àìsàn òtútù àyà mú un. Ó kú ní Énúgù ní ọjọ́ 16 oṣù October 1993, ní ẹni ọdún 62.

Wọ́n gbé e padà lọ sin sí Oguta. Ìwé kan wà tí ó ti kọ tí kò tíì tẹ̀ nígbà tí ikú dé, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó sì jáde. The Lake Goddess ni ó pè é, ìtàn obìnrin inú adágún náà ni.