Tíṣà Oníṣòkòtò Péńpé

Àwa tí a dàgbà lókè Ọya níhìn-ín, ṣòkòtò péńpé Táí Ṣólàrín nìkan la mọ̀. Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n bí i sí ní 1922. Ní 1952 ó di ọ̀gá ilé-ìwé Mólúsì ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Kò gbà pé àdúrà àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn jẹ́ iṣẹ́ ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ náà dìjà, ló bá fi ipò sílẹ̀. Ní 1956, òun àti Sheila, ìyàwó rẹ̀, dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí ọmọ ilé-ìwé ti ń roko, tí wọ́n sì ń fọwọ́ ara wọn kọ́lé. Ó kú ní 1994. Àwa tí wọ́n fẹ́ rán lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà ńkọ́? Kí la ò ní gbà láéláé, bí iṣẹ́ tilẹ̀ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa?