Monique Mímọ́, Ìyá-Àgbà tí Ojú Rẹ̀ Rí Ìrìbọmi Ọmọ-Ọmọ Rẹ̀

Nígbàkúùgbà tí a bá dárúkọ Monique Mímọ́, ẹkún tí ó sun lórí Augustin ọmọ rẹ̀ ni a máa ń sọ. Àwọn ẹgbẹ́ ìyá wa mọ ìtàn náà dáadáa. Ṣùgbọ́n ìyá-àgbà ni Monique pẹ̀lú, èyí sì ni a fẹ́ kọ sínú ìwé júbílì yìí, nítorí àwọn bàbá-àgbà àti ìyá-àgbà tí a ń rí ní ìjókòó iwájú lọ́jọ́ ìrìbọmi, tí wọn kì í gbé ojú kúrò lára ọmọ.

Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni. Ní nǹkan bí ọdún 331 ni a bí i ní Thagaste, ìlú tí ń jẹ́ Souk Ahras lónìí ní ilẹ̀ Algeria. Ilé onígbàgbọ́ ni a ti tọ́ ọ, ṣùgbọ́n Patricius tí a fi í fún kì í ṣe onígbàgbọ́. Oníbìínú ni, kò sì ṣe olóòótọ́ sí aya rẹ̀. Monique fi sùúrù bá a gbé títí òun náà fi gba ìrìbọmi kí ó tó kú ní nǹkan bí ọdún 371.

Augustin, tí a bí ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 354, ṣàìsàn gidigidi nígbà tí ó wà ní kékeré. Ìyá rẹ̀ ti ń múra ìrìbọmi rẹ̀ kánkán, àfi bí ara ọmọ ti yá, ni wọ́n bá sún un síwájú. Ó di ẹni ọdún 32 kí ó tó gbà á. (Àwa tí a ń kọ́ni ní katikísì mọ àwọn òbí tí ń sún ìrìbọmi ọmọ síwájú títí owó àríyá yóò fi pé.)

Nígbà tí Augustin ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Carthage, ó ń bá obìnrin kan gbé láìṣe ìgbéyàwó. Ní nǹkan bí ọdún 372, obìnrin náà bí ọmọkùnrin kan, a sì sọ ọ́ ní Adeodatus. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé adé orí ọba ni ó wà nínú orúkọ yìí. Èdè Látìn ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ẹni tí Ọlọ́run fi fúnni, gẹ́gẹ́ bí Dieudonné tí ó kún ilẹ̀ wa. Láìpẹ́ sí i, Augustin lọ darapọ̀ mọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn Mani, tí ẹ̀kọ́ wọn lòdì sí ti Ìjọ. Monique kọ̀ láti bá a gbé inú ilé kan. Ṣùgbọ́n àlá kan fi í lọ́kàn balẹ̀ pé ọmọ náà yóò dúró níbi tí òun dúró sí, ó sì tún ṣílẹ̀kùn fún un. A mọ ilé láàrin wa tí ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ kò ṣí mọ́ títí di òní.

Ní ọdún 383, Augustin tan ìyá rẹ̀ jẹ ní Carthage, ó sì bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Róòmù lóru, nígbà tí ìyá ń gbàdúrà ní ilé ìrántí Cyprien Mímọ́. Ní ọdún 385, opó náà la òkun kọjá, ó sì bá a ní Milan, níbi tí Ambroise Mímọ́ ti jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù. Ohun kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí yóò yé àwa ará Kétu, Sábẹ̀ àti Àjàṣẹ́ dáadáa. Monique gbé oúnjẹ, búrẹ́dì àti wáìnì lọ sí ibojì àwọn ajẹ́rìíkú, gẹ́gẹ́ bí àṣà ilé rẹ̀. Aṣọ́nà sọ fún un pé bíṣọ́ọ̀bù ti kà á léèwọ̀, nítorí ó jọ ètùtù tí àwọn kèfèrí ń ṣe fún òkú wọn. Ó gbọ́ràn láìjiyàn.

Ibi tí ó korò jù lójú tiwa kò ní pamọ́. Monique sapá púpọ̀ kí Augustin lè ní aya tí ó yẹ. Wọ́n rí ọmọbìnrin kan, wọ́n sì dá ìyá Adeodatus padà sí Áfíríkà. Ọmọ náà, tí ó tó ẹni ọdún 13, kù sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Àwọn ẹni mímọ́ kì í ṣe áńgẹ́lì.

Ìgbéyàwó náà kò wáyé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 386, nínú ọgbà ilé kan ní Milan, Augustin yí padà. Ó wọlé lọ sọ fún ìyá rẹ̀, ó sì kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ayọ̀ ìyá òun lọ́jọ́ náà ju ayọ̀ gbogbo ọmọ-ọmọ tí ó ti ń retí lọ.

Bẹ́ẹ̀ ọmọ-ọmọ kan ti wà nílẹ̀ ná. Gbogbo wọn lọ gbé ní Cassiciacum ní ìgbèríko. Ní ọjọ́ ìbí Augustin, wọ́n jókòó jíròrò lórí ẹni tí ó ní Ọlọ́run. Adeodatus, tí ó kéré jù, dáhùn pé ẹni tí kò ní ẹ̀mí àìmọ́ ni. Monique fọwọ́ sí ìdáhùn gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ti ọmọ yìí ni ó dùn mọ́ ọn jù.

Ní òru àìsùn Àjíǹde, láàrin ọjọ́ 24 àti 25 oṣù kẹrin ọdún 387, Ambroise fi omi wẹ̀ wọ́n: Augustin, Alypius ọ̀rẹ́ rẹ̀, àti Adeodatus tí ó tó ẹni ọdún 15. Adágún ìrìbọmi náà ní igun mẹ́jọ; àwókù rẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀ iwájú kàtídírà Milan títí di òní. Ẹnì kan ni Monique ti ń sunkún fún láti ọdún pípẹ́. Lóru ọjọ́ kan ṣoṣo, bàbá àti ọmọ ni ó rí gbà.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, bí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé wọn padà sílé, ibà mú un ní Ostia. Ó ti pèsè ibojì sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ ní Thagaste. Nísinsìnyí ó ní kí wọ́n sin òun síbikíbi, kí wọ́n ṣáà máa rántí òun níbi pẹpẹ Olúwa. Ní ọjọ́ kẹsàn-án àìsàn náà ni ó kú, ẹni ọdún 56. Augustin mú omijé rẹ̀ mọ́ra. Adeodatus ni ó ké tòò, tí àwọn àgbà ní láti rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ọmọ náà bá bàbá rẹ̀ padà sí Thagaste. Bàbá kọ ìwé kan nípa olùkọ́, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ àwọn méjèèjì ni, ó sì jẹ́rìí pé èrò tí a fi sí Adeodatus lẹ́nu, tirẹ̀ gan-an ni nígbà tí ó wà ní ẹni ọdún 16. Kò pẹ́ tí òun náà fi kú, láìtíì pé 20 ọdún, Augustin sì kọ̀wé pé ẹ̀rù kankan kò ba òun lórí rẹ̀.