Merlin mọ eré sá, kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró

Gbogbo ẹni tó bá ti wo fídíò àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi bàtà onítáyà, ìyẹn skate, já láàárín mọ́tò ní títì Èkó, á ti rí i pé eré náà wuni gan-an. Ó wu èmi náà. Àmọ́ kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń sáré ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Bí wọ́n ṣe ń dúró ni. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń dúró, ọkàn mi á balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn àti ìbàdí ẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ pé òpó iná tàbí ẹ̀yìn dáńfó ló máa bá a dá eré ẹ̀ dúró, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ọkùnrin kan fún un.

Orúkọ ọkùnrin náà ni John Joseph Merlin. Ó ti lé ní igba ọdún tó ti kú, àmọ́ òun ni ọ̀pọ̀ òpìtàn kà sí ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe bàtà onítáyà. Ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Huy, ní orílẹ̀-èdè tá a mọ̀ sí Belgium báyìí, ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1735. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ló yàn láàyò: aago, ohun èlò orin, gbogbo nǹkan tó bá ṣáà ti ní sípíríǹgì nínú. Ó gbé ní Paris fún ọdún mélòó kan, lẹ́yìn náà ló bá ikọ̀ aṣojú ọba Spain wá sí London ní 1760. Ọmọ ọdún 24 ni nígbà yẹn. Bí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ṣe ń sọ ọ́ lónìí, Merlin japa.

London gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, torí ọwọ́ ẹ̀ mọ iṣẹ́. Nígbà tó yá, ó di àgbà oníṣẹ́ ẹ̀rọ lọ́dọ̀ James Cox, gbajúmọ̀ oníṣòwò góòlù àti ohun ọ̀ṣọ́. Lọ́dọ̀ Cox yìí ni Merlin ti lọ́wọ́ nínú ẹyẹ swan kan tí wọ́n fi fàdákà ṣe, tí ayé rí ní ọdún 1773. Ẹyẹ náà tóbi tó swan gidi. Tí wọ́n bá ti yí sípíríǹgì ẹ̀, orin á máa dún, ẹyẹ á yí ọrùn síhìn-ín sọ́hùn-ún, á tẹrí ba, á sì dà bíi pé ó he ẹja nínú omi. Ó ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Bowes ní àríwá England dòní. Ẹ rántí ẹyẹ yìí o. Ẹni tó lè ṣírò bí ọrùn ẹyẹ fàdákà ṣe máa lọ, tó sì máa dúró síbi tó yẹ kó dúró, kì í ṣe òpònú.

Ẹni yìí kan náà ló ṣe bàtà tó ní táyà lábẹ́. Ní London ìgbà yẹn, obìnrin olórin kan wà tí wọ́n ń pè ní Teresa Cornelys, tó máa ń se àríyá oníbòjú fún àwọn ọlọ́lá ní ilé ńlá kan, Carlisle House, ní Soho Square. Níbẹ̀ ni Merlin pinnu láti gbé bàtà tuntun ẹ̀ jáde. Kí ó lè dùn ún wò dáadáa, ó mú fáyólìnì dání, ó ń ta á bó ṣe ń yọ́ lọ láàárín èrò. Thomas Busby, olórin kan, kọ ìtàn náà sílẹ̀ lẹ́yìn ikú Merlin. Ó ní Merlin kò ṣe ohunkóhun sí bàtà yẹn tó lè fi dín eré kù tàbí tó lè fi yà. Dígí ńlá kan wà lára ògiri, tí iye ẹ̀ lé ní 500 pọ́n-ùn, owó tó tó ra ilé nígbà yẹn. Inú ẹ̀ ló wọ̀ lọ. Dígí fọ́ yángá, fáyólìnì run wómúwómú, òun fúnra ẹ̀ sì fara gbọgbẹ́ gan-an.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi ìtàn yìí rẹ́rìn-ín. Ní tèmi o, mo rò pé ó yẹ ká bi ara wa léèrè pé kí ló dé tí ọlọ́gbọ́n èèyàn bẹ́ẹ̀ fi wọ inú dígí. Ìdí ẹ̀ ni pé eré sísá rọrùn. Táyà ló ń ṣe é fúnni, kò gba ọgbọ́n kankan. Dídúró àti yíyà ló ń gba ẹ̀kọ́, kò sì sí ẹnì kankan láyé nígbà yẹn tó lè kọ́ Merlin. Ọdún 1863, tí Merlin ti kú fún 60 ọdún, ni James Plimpton ní New York tó gbé bàtà onítáyà mẹ́rin jáde, èyí tó máa ń yà tí èèyàn bá ti fara tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀yìn ìyẹn pàápàá ni bíréèkì iwájú bàtà tó dé. Merlin ò ní olùkọ́, kò sì ní bíréèkì. Àwa lónìí ní méjèèjì, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń sáré bíi Merlin.

Ẹ wo ìṣirò yìí. Tí eré tí ẹ ń sá bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ara yín máa fi kọlu nǹkan kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló ń dì. Ẹni tó ń sá kìlómítà 20 ní wákàtí kan, ìgbá tó máa gbá fi ìlọ́po mẹ́rin ju ti ẹni tó ń sá kìlómítà 10 lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó di ẹ̀yìn mọ́tò mú lórí skate ti kúrò nínú eré ọmọdé. Mọ́tò ló ń fún un ní eré, àmọ́ eegun ẹ̀ ló máa san gbèsè.

Ibo ni gbèsè yẹn máa ń bọ́ sí? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ máa ń na orúnkún gan-an, á nàró bíi pátákó. Bí táyà bá ti yọ́ síwájú báyìí, ẹ̀yìn ló máa ṣubú sí. Ìdí á kọ́kọ́ balẹ̀, agbára náà á sì gba eegun ìdí gòkè dé eegun ẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló fi balẹ̀, eegun ìbàdí ló ń gbà á. Ẹni tó bá sì na ọwọ́ sílẹ̀ láti gba ara ẹ̀ lè fi ọrùn ọwọ́ kán, torí ọrùn ọwọ́ ló máa ń kán jù nínú eré yìí. Ti pé èèyàn ò ṣubú kò sì ní kí ara má ro ó. Tó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan náà lẹ fi ń ti ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà, iṣan ìbàdí apá kan á le ju ti èkejì lọ, ẹ̀yìn isàlẹ̀ ni yóò sì máa jìyà ẹ̀.

Kí la lè ṣe? Kò le. Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn kánkán fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá kí ẹ tó wọ bàtà, kí ẹ sì fi ìbàdí yí po kí iṣan lè gbóná. Ẹ tẹ orúnkún, ẹ sọ ara sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jókòó, kí àyà yọ síwájú díẹ̀. Tó bá di dandan láti ṣubú, iwájú ni kẹ́ ẹ ṣubú sí, kó jẹ́ pé ìbòrí orúnkún ló máa kọ́kọ́ kanlẹ̀. Ẹ wọ akoto, ẹ wọ ìbòrí orúnkún, ti ìgúnpá àti ti ọrùn ọwọ́. Ṣòkòtò penpe tó ní fóòmù ní ìdí àti ìbàdí wà pẹ̀lú, ẹ má tijú láti wọ̀ ọ́. Lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ẹ fún iṣan ikùn, ìdí àti itan lókun nílé: ẹ bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tún dìde, ẹ fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo dúró, lẹ́yìn náà ẹ bọ́ sórí èkejì.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń rò báyìí. Wọ́n á ní tí ẹ̀yìn bá dun àwọn, àwọn á lọ bá chiropractor, àwọn tí fídíò wọn kún orí ayélujára, tí wọ́n máa ń tẹ èèyàn lẹ́yìn tí eegun á dún pọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí iṣẹ́ yẹn jẹ́. Daniel David Palmer ló dá a sílẹ̀ ní Davenport, ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1895. Ó gbà pé eegun ẹ̀yìn tó yẹ̀ ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú gbogbo àìsàn. Ìwádìí ìmọ̀ ìṣègùn kò gbè é lẹ́yìn lórí ìyẹn. Àmọ́ ọwọ́ yẹn wúlò níwọ̀n. Ní 2017, ẹgbẹ́ American College of Physicians ka títẹ eegun ẹ̀yìn mọ́ ara ohun tí èèyàn lè lò fún ẹ̀yìn dídùn kó tó ronú kan oògùn. Ní Britain, ohun tí wọ́n ń sọ fáwọn dókítà ni pé kí irú ìtọ́jú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ máa bá eré ìdárayá rìn, kó má dá dúró.

Nítorí náà, tí chiropractor tó kọ́ṣẹ́ dáadáa tàbí physiotherapist bá wo bí ẹ ṣe ń dúró àti bí ìbàdí yín ṣe ń yí, tó sì sọ irú eré ìdárayá tó yẹ yín, owó yín ò ṣòfò. Ẹ ò tiẹ̀ nílò láti dúró dìgbà tó bá ń dùn yín. Àmọ́ kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó lè tẹ ẹ̀yìn yín kó sọ ọ́ di bíréèkì. Ẹni tí ò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró lọ́jọ́ Ẹtì, tí wọ́n wá tẹ̀ lẹ́yìn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kò ní mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ sì ṣọ́ra fún ẹni tó kàn fẹ́ fọ́n ọrùn yín kó lè ya fídíò. Ó ṣọ̀wọ́n o, àmọ́ ó lè ya iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ.

Àwọn ìgbà kan sì wà tí kò yẹ kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kàn yín rárá, yálà chiropractor ni o, tàbí bàbá tó ń to eegun ládùúgbò. Tí ẹ bá ṣubú tí ẹ ò lè tẹ ẹsẹ̀ kan mọ́lẹ̀, tàbí ẹsẹ̀ náà dà bíi pé ó kúrú, tó yí síta. Tí abẹ́ bá kú tipiri, tí ẹ ò lè mú ìtọ̀ dúró tàbí tí ìtọ̀ ò jáde. Tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ń di aláìlágbára. Ilé ìwòsàn ló kàn, kí wọ́n ya àwòrán eegun. Kí ẹnikẹ́ni má fi òrí wọ́ ọ o.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Merlin, torí ìtàn ẹ̀ ò parí sínú dígí. Ó kúrò lọ́dọ̀ Cox, ó ń ṣe ohun èlò orin, ó ń ṣe òṣùwọ̀n, ó sì ṣe káàdì tí afọ́jú lè fi ta ayò. Gainsborough, ọ̀gá nínú àwọn ayàwòrán, ya àwòrán ẹ̀ ní 1781. Ó ṣí ilé ìfihàn ẹ̀rọ tiẹ̀ ní Princes Street, lẹ́bàá Hanover Square. Ọmọdé kan tí ìyá ẹ̀ mú wá síbẹ̀ rí ère obìnrin oníjó fàdákà, kò sì gbàgbé ẹ̀ títí ó fi dàgbà. Charles Babbage lọmọ náà, ẹni tí ayé ń yìn lónìí torí iṣẹ́ tó ṣe ṣáájú kọ̀ǹpútà.

Nínú gbogbo ohun tí Merlin ṣe, ọ̀kan wà tó máa ń mú mi ronú jù. Ó ṣe àga onítáyà fún àwọn tí ẹsẹ̀ ò gbé mọ́. Ọwọ́ méjì wà lára àga náà tí aláìsàn lè máa yí fúnra ẹ̀, táyà á sì máa gbé e lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń tì í. Lẹ́yìn ikú ẹ̀ ní 1803, ó pẹ́ gan-an tí àwọn èèyàn ṣì ń fi orúkọ ẹ̀ pe irú àga bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣe bàtà onítáyà ló ṣe àga onítáyà. Nínú àga yẹn, ẹni tó jókòó ló ń darí eré ara ẹ̀, ohun tí bàtà náà ò fún Merlin gan-an nìyẹn.

Ní London kan náà, ọmọ Yorùbá kan, Tinuke Oyediran, gba orúkọ sílẹ̀ nínú Guinness World Records ní 2020, ọ̀kan fún títàkìtì lórí skate, ọ̀kan fún yíyí òòyì. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣe fún ẹni tí ò lè pàṣẹ fún táyà ẹ̀ pé kó dúró.

Tó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ yìí lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí mọ́tò ò gbà kọjá, àti ẹnì kan tó ti mọ̀ ọ́n. Ẹ má tíì béèrè bí wọ́n ṣe ń sáré. Ẹ ní kó kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń dúró àti bí wọ́n ṣe ń ṣubú, títí ẹ ó fi lè ṣe é láìronú. Ẹ lè wá sọ̀rọ̀ títì lẹ́yìn ìyẹn.