Fágúnwà, ọkùnrin tó mú wa wọ Igbó Irúnmọlẹ̀

Kò sí ẹni tó mọ Èkó dáadáa tí kò mọ̀ pé Ṣómólú ni ibùdó àwọn atẹ̀wé. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ọmọ ilé ìwé, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ìwé kan wà tó wù wá kí wọ́n bá wa tẹ̀: ìwé òfin eré, irú èyí táwọn ọ̀dọ́ òkè òkun fi ń ṣe eré tí wọ́n ń pè ní Dungeons & Dragons.

Ará Amẹ́ríkà méjì, Gary Gygax àti Dave Arneson, ló gbé eré náà jáde ní ọdún 1974. Ènìyàn bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún yóò jókòó yí tábìlì ká. Ẹnì kan ni olùdarí. Òun ni yóò máa sọ irú igbó tí wọ́n wọ̀ àti iwin tó yọ sí wọn. Àwọn yòókù á sọ ara wọn di jagunjagun, tafàtafà tàbí oṣó, kálukú á sì sọ ohun tí òun fẹ́ ṣe. Dáìsì ni wọ́n ń dà láti mọ̀ bóyá idà ba ọ̀tá tàbí kò bà á. Ìwé òfin ló sì ń tọ́ olùdarí sọ́nà.

Àgbà tó bá gbọ́ èyí yóò rántí D. O. Fágúnwà lójú ẹsẹ̀. Ọdún 1938 tí wọ́n bí Gygax gan-an ni ìwé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ jáde.

Ọdún 1903 ni wọ́n bí Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà ní Òkè-Igbó, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí. Abọ̀rìṣà ni àwọn òbí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó di onígbàgbọ́, nítorí náà, ọmọ náà mọ ìtàn ilé, ó sì mọ Bíbélì. Ó lọ sí ilé ìwé St. Luke's ní Òkè-Igbó, lẹ́yìn náà ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní St. Andrew's, Ọ̀yọ́. Olùkọ́ ló jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní ọdún 1936, àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ gbé ìdíje ìwé kíkọ kalẹ̀. Fágúnwà kọ ìtàn kan ránṣẹ́, àwọn CMS sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún méjì lẹ́yìn náà. CMS yìí kan náà ló dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní ọdún 1859, ilé ìwé tó ti wà ní Bàrígà láti ọdún 1959.

Nínú ìtàn náà, ọba rán Àkàrà-Oògùn àti àwọn akọni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Òkè Láńgbòdó. Ẹ̀bùn kálukú yàtọ̀. Kàkò ní agbára àti kùmọ̀, Ìmọ̀dòye ní ọgbọ́n, Olóhùn-Iyọ̀ ní ohùn dídùn, Ẹlẹ́gbèdé-Ọdẹ sì gbọ́ èdè ẹyẹ àti ẹranko. Kò sí ẹni tó lè dá ìrìn náà rìn nínú wọn. Ìrágbèje sì fi ọjọ́ méje kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́.

Fágúnwà kò dúró síbẹ̀. Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó tẹ̀ lé e ní ọdún 1949, Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje jáde ní 1954, Àdììtú Olódùmarè sì jáde ní 1961. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá ní 1959.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1963, ó ń dúró de ọkọ̀ ojú omi ní Wuya, nítòsí Bida, nígbà tí ilẹ̀ etí odò ya lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, odò sì gbé e lọ. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni. Àwọn kan ń sọ pé àwọn iwin tó kọ ìtàn wọn ló mú un. Àhesọ lásán ni. Ní ọdún 1968, Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé àkọ́kọ́ náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo ayé sì mọ̀ ọ́n.

Ohun tó ń dunni ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa lónìí kò lè ka ìwé náà ní èdè tí Fágúnwà fi kọ ọ́. Igbó ti wà, akọni ti wà, iwin ti wà, ìrìnàjò ti wà. Ìwé òfin nìkan ló kù, kí ọmọ Ṣómólú àti Bàrígà lè jókòó yí tábìlì ká, kí wọ́n sì máa fi Yorùbá lọ sí Láńgbòdó. Àwọn atẹ̀wé kò jìnnà sí wọn.

Kí ìwé náà tó dé, ẹ̀yin àgbà, ẹ pe àwọn ọmọ jọ lálẹ́, kí ẹ sọ ìtàn náà fún wọn. Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn.