Babátúńdé Fáfúnwá àti Ìgbékalẹ̀ Ètò Ẹ̀kọ́ ní Èdè Abínibí

Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1923 ni a bí Àlíù Babátúńdé Fáfúnwá ní Èkó. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ girama, ó kọjá sí orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó gba oyè àkọ́kọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Bethune-Cookman ní 1950, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì New York ní 1955. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba irú oyè bẹ́ẹ̀ nínú ìmọ̀ náà. Ohun tí ó jẹ wá lógún níhìn-ín ni ohun tí ó fi oyè náà ṣe. Ó fi hàn pé ètò ẹ̀kọ́ kì í ti ẹnu òfin jáde; híhun ni a ń hun ún bí aṣọ òfì, òwú kan lẹ́yìn òmíràn.

Ní 1961, ó dara pọ̀ mọ́ Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka. Níbẹ̀ ni ó ti kó ipa pàtàkì nínú ètò oyè tí ó so ìmọ̀ ẹ̀kọ́ pọ̀ mọ́ iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi kọ́ni, dípò kí ó gboyè tán kí ó tó padà wá kọ́ bí a ṣe ń kọ́ni. Irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE. Ní 1966, ó kó wá sí Yunifásítì Ifẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì ti ṣe iṣẹ́ tí a fi ń rántí rẹ̀ jù lọ.

Ní àkókò náà, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni Èkìtì wà. Èdè Yorùbá ni a fi ń kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá di ọdún kẹrin, èdè Gẹ̀ẹ́sì gba ipò rẹ̀. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Èmùré tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ìwé kà yóò wá máa fi èdè tí kò gbọ́ nílé kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Èyí tí kò bá sì tẹ̀síwájú lẹ́yìn ìwé mẹ́fà lè má mọ èdè méjèèjì dé ojú àmì. Fáfúnwá gbà pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Kò fi èrò yìí mọ sí ọ̀rọ̀ ẹnu. Pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ Ford Foundation, òun àti àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ètò ọlọ́dún mẹ́fà kalẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ pinnu irú ọmọ tí wọ́n fẹ́ kí ètò náà mú jáde. Wọ́n pín iṣẹ́ sí márùn-ún: Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, àti ìmọ̀ àwùjọ òun àṣà. Nítorí pé ìwé sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ní èdè Yorùbá kò tó nǹkan, wọ́n wá ọ̀rọ̀ fún àwọn èrò tuntun, wọ́n kọ ìwé fún ọmọ, wọ́n sì kọ ìwé atọ́nà fún olùkọ́. Wọ́n dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì yan olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ dunjú fún èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí a ń kọ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan.

Ní 1970, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ètò náà ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n yan kíláàsì mìíràn tí ó ń tẹ̀lé ètò àtijọ́, kí wọ́n lè fi ọ̀kan wé èkejì. Ní 1973, wọ́n mú ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn kún un. Èsì rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Síbẹ̀, ìlànà ìjọba tí ó jáde ní 1977 fi èdè abínibí mọ sí àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀. Fáfúnwá di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ láti 1990 sí 1992, ó sì kú ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹwàá ọdún 2010. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a fi èdè abínibí kọ́ni fún ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó di ìgbà tí ìwé àti olùkọ́ bá wà kí ó tó fìdí múlẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n kéde pé àwọn ti fagi lé e. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òun àti ti Ifẹ̀ nìyí: ní Ifẹ̀, ìwé àti olùkọ́ ni a fi ṣe ìpìlẹ̀.

Ohun kan ṣẹ́kù fún àwa tí ó wà ní gúúsù Èkìtì. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọ Modákẹ́kẹ́ sún mọ́ Yorùbá àjùmọ̀lò inú ìwé. Ọmọ Èmùré tí ó ń pe ilé ní ulé ní ìrìn díẹ̀ láti rìn kí ó tó dé ibẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá ń lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni ní láti mọ ìrìn náà, kí ó kọ ọ́ sínú ètò iṣẹ́ rẹ̀, kí ó yẹ èsì rẹ̀ wò, kí ó sì pa àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́. Bí ìjọba bá tún yí ìlànà padà, irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni a ó ní láti gbé síwájú wọn.